Ẹrú Ti Ṣe Ọmọ Rí

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan ni. Ẹ̀kọ́ Bíbélì la ń ṣe, orí kẹfà ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Éfésù ló sì kàn. Mo kà á dé ibi tó ti ń sọ fún àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ pé kí wọ́n máa gbọ́ ti ọ̀gá wọn, mo gbójú sókè. Lórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ọmọbìnrin kan jókòó tí kò lè ju ọmọ ọdún méjìlá lọ. Ó gbé ọmọ ọlọ́mọ lé itan, ó sì fi báàgì ọ̀gá rẹ̀ kọ́ apá. Ọ̀gá rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ tó fẹ́ràn Ọlọ́run tọkàntọkàn, bojú wẹ̀yìn láti iwájú, ó wò ó títí, ó sì mi orí sí i. A ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, ìyá náà wá bá mi. Ó ní, "Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Ẹ ti bá mi sọ ọ́. Etí ọmọ yìí di jù."

Ó ti tó ọdún mẹ́tàlá tí mo ti ń kọ́ni ní Bíbélì nígbà náà. Mo dá a lóhùn pé Ọlọ́run á ràn wá lọ́wọ́, mo bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Ẹsẹ karùn-ún títí dé ìkẹjọ ni mo kà, mo sì túmọ̀ wọn dáadáa. Ilẹ̀ ṣú kí n tó dé ẹsẹ kẹsàn-án, níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwọn ọ̀gá, tí Pọ́ọ̀lù ti ní kí wọ́n yé halẹ̀, pé Ọ̀gá tiwọn náà ń bẹ lọ́run, kì í sì í ṣe ojúsàájú. Ìdajì ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni ọmọ yẹn gbé lọ sílé, ìdajì tó wúlò fún ẹni tó ń rán an níṣẹ́.

Láti ọjọ́ náà, ó ti lé lógún ọdún, ni mo ti ń tú ọ̀rọ̀ ẹrú inú Bíbélì wò ní ẹsẹ-ẹsẹ. Ọ̀rọ̀ tí a fi kọ ọ́ ni mo kọ́kọ́ wò. Ẹni tí Bíbélì wa pè ní ọmọ-ọ̀dọ̀ nínú ìwé Éfésù, *doulos* ni Pọ́ọ̀lù pè é lédè Gíríìkì. *Doulos* kì í ṣe ọmọ tí a gbà sọ́dọ̀ kó máa bá ni gbálẹ̀. Ẹrú pọ́ńbélé ni: ẹni tí a fowó rà, tí a lè tà, tí ọmọ tó bá bí nílé olówó rẹ̀ jẹ́ ti olówó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ni Pọ́ọ̀lù fi pe ara rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé Róòmù. Níbẹ̀, àwọn olùtumọ̀ wa pè é ní ìránṣẹ́. Ó dé inú ìwé Gálátíà, níbi tó ti ń fi ẹrú wé ọmọ tí yóò jogún, wọ́n wá pè é ní ẹrú. Orúkọ mẹ́ta fún ọ̀rọ̀ kan.

N kò dá wọn lẹ́bi. Samuel Àjàyí Crowther tó ṣíwájú iṣẹ́ ìtumọ̀ yẹn mọ ohun tí ẹrú ń jẹ́ ju gbogbo wa lọ. Ní 1821 ni ogun kó o ní Òṣogùn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bọ́ sínú ọkọ̀ àwọn Potogí, kí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba ọkọ̀ náà lójú òkun ní 1822, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ ẹrú ṣeré. Èdè wa gan-an ló fún un ní ọ̀rọ̀ jù. Yorùbá mọ ẹrú yàtọ̀ sí ìwọ̀fà, ó mọ ìwọ̀fà yàtọ̀ sí alágbàṣe, ó mọ alágbàṣe yàtọ̀ sí ìránṣẹ́ tí ọba ń rán. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn Hébérù fi ń pe Mósè níwájú Ọlọ́run, tí wọ́n fi ń pe ìjòyè níwájú ọba, tí wọ́n tún fi ń pe ẹni tí a rà lọ́jà. Dandan ni kí olùtumọ̀ yàn.

Ohun tó yàn ló wá ń bá wa jẹun dòní. Òwò ẹrú kú, a sì fòfin de níní ẹrú, ṣùgbọ́n àwọn ẹsẹ tí a kọ sí ẹrú kò bá a kú, nítorí ọmọ-ọ̀dọ̀ ni wọ́n ń jẹ́ nínú Bíbélì wa, ọmọ-ọ̀dọ̀ sì ń bẹ nílé ìdáná wa láàárọ̀ yìí. Ká ní ẹrú ni wọ́n kọ síbẹ̀ ni, ìyá ìjọ yẹn ì bá gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́. Ojú ì bá tilẹ̀ tì í láti bojú wẹ̀yìn.

Àwọn kan nínú àwa oníwàásù ní èsì kan tí a máa ń fún àwọn ọ̀dọ́ tó bá bi wá léèrè. A ó ní ẹrú inú Bíbélì kì í ṣe irú ẹrú tí wọ́n kó lọ sí Brazil àti Kúbà, pé ìwọ̀fà lásán ni. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Obìnrin opó tó wá ké bá Èlíṣà, olówó ọkọ rẹ̀ ló fẹ́ kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ. Nígbà ayé Nehemáyà, àwọn òbí ń fi ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin wọn dúró nítorí ọkà àti owó-orí, Nehemáyà sì pe àwọn ọlọ́lá jọ, ó bá wọn wí gbangba títí wọ́n fi búra pé àwọn ó dá ohun gbogbo padà. Ẹni tó bá mọ bí àwọn baba wa ṣe ń fi ọmọ yáwó mọ ìtàn yẹn kí ó tó kà á. Òfin Mósè tilẹ̀ sàn fún Hébérù tó bá bọ́ sírú oko bẹ́ẹ̀ ju àṣà tiwa lọ. Ìwọ̀fà Yorùbá lè sin olówó fún ogún ọdún kí gbèsè má dín ní kọ́bọ̀, nítorí èlé owó ni iṣẹ́ rẹ̀ ń san, owó gan-an wà níbi tó wà. Hébérù tó ta ara rẹ̀ yóò sìn fún ọdún mẹ́fà. Ní ọdún keje yóò jáde lọ́fẹ̀ẹ́, Diutarónómì sì ní kí olówó rẹ̀ má jẹ̀ẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo, kó dì fún un nínú agbo ẹran, nínú ọkà ilẹ̀ ìpakà, nínú wáìnì.

Ṣùgbọ́n èsì yẹn kò kájú ìwé náà, ó sì ti pẹ́ tí mo ti jáwọ́ nínú rẹ̀. Léfítíkù orí karùndínlọ́gbọ̀n sọ ọ́ gbangba pé a lè ra àlejò ní ẹrú, a lè fi í sílẹ̀ bí ogún fún ọmọ, kó sì máa sìn títí ayé. Kò sí ọdún keje fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ́kísódù orí kọkànlélógún sọ pé bí ọkùnrin kan bá fi ọ̀pá lu ẹrú rẹ̀, tí ẹrú náà sì kú lójú ẹsẹ̀, a ó fìyà jẹ ẹ́. Bí ẹrú náà bá lo ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó kú, a kò ní fìyà jẹ ẹ́, nítorí owó rẹ̀ ni. Mo fo ẹsẹ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo máa ń ka ohun tó ṣáájú rẹ̀, mo máa ń ka ohun tó tẹ̀ lé e. Ní báyìí, mo máa ń kà á sókè, mo sì máa ń dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí àwọn tó ń gbọ́ lè mọ̀ pé ó ro mí náà. Àwọn ènìyàn tó ní ẹrú ni òfin yẹn ń bá wí. Kò gba ẹrú kúrò lọ́wọ́ wọn.

Nínú orí kan náà ni a ti rí i pé bí olówó bá fọ́ ẹrú rẹ̀ lójú, tàbí tó gbá a léyín yọ, ẹrú náà ti di òmìnira nítorí ojú rẹ̀, nítorí eyín rẹ̀. Níbẹ̀ náà ni a ti kọ ọ́ pé ẹni tó bá jí ènìyàn gbé, ì báà ti tà á, ì báà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ikú ni. Ká ní àwọn tó ń ka Bíbélì nínú ọkọ̀ pa ẹsẹ kan yẹn mọ́, ọkọ̀ kan kì bá tí kó ènìyàn kúrò ní Àgbádárìgì tàbí ní Wídà. Diutarónómì orí kẹtàlélógún tún lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹrú tó bá sá kúrò lọ́dọ̀ olówó rẹ̀ wá bá ọ, má dá a padà, jẹ́ kó máa gbé níbi tó bá wù ú. Àwọn tó yí Ísírẹ́lì ká kò ní irú òfin yìí. Òfin Hammurabi, ọba Bábílónì, ní ikú ni fún ẹni tó bá fi ẹrú tó sá pamọ́ sílé. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ní 1850, àwọn aṣòfin tó ń fi Bíbélì búra ṣe òfin tó ní dandan ni kí a dá ẹrú tó sá padà fún olówó rẹ̀.

Báwo ni òfin tó gbà kí a fi ènìyàn jogún ṣe wà nínú ìwé kan náà pẹ̀lú òfin tó ní kí a má dá asáwá padà? Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀wò sọ́tùn-ún sósì, ohun kan ṣoṣo ni mo rí. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí òfin ti gbè lẹ́yìn ẹrú, ìdí kan náà ló máa ń sọ: rántí pé ìwọ náà ti ṣe ẹrú rí ní Íjíbítì. Àwọn àgbà wa ní ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Òwe yẹn ń rán olówó létí pé ẹni tó rà yìí ní ìyá níbì kan. Mósè gba òdìkejì ọ̀nà wọ inú ọ̀rọ̀ náà: olówó, ọmọ lo pe ara rẹ lónìí, ṣùgbọ́n ìwọ gan-an ni ẹrú lánàá. Kò fọ́ oko ẹrú túútúú. Ó fi ìrántí kan sí àárín rẹ̀ tí kò jẹ́ kí ẹni tó bá gbà á gbọ́ lè sùn dáadáa nínú rẹ̀. Jóòbù náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tó ń ka ìwà rẹ̀ níwájú Ọlọ́run, ó béèrè ohun tí òun yóò wí bí òun bá rẹ́ ẹrú òun jẹ nídìí ẹjọ́, nígbà tó jẹ́ Ẹnì kan náà ló mọ àwọn méjèèjì nínú oyún. Bí a ti bí ẹrú la bí ọmọ, ni Yorùbá wí.

Wòlíì tó sì sọ ọ́ kíkankíkan jù ni Jeremáyà. Ogun Bábílónì ti dó ti Jerúsálẹ́mù, ẹ̀rù ba Sedekáyà ọba àti àwọn ìjòyè, wọ́n bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú, wọ́n tú ẹrú wọn Hébérù sílẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ogun fà sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n lọ kó wọn padà. Orí kẹrìnlélọ́gbọ̀n ni ìtàn yẹn wà. Ọlọ́run ní ẹ̀yin kò kéde òmìnira fún arákùnrin yín, èmi ó kéde òmìnira fún idà, fún àjàkálẹ̀-àrùn àti fún ìyàn láti wá bá yín. N kò mọ ibòmíràn nínú Bíbélì tí Ọlọ́run ti fi ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn nà án báyìí.

Ọ̀rọ̀ ègún Hámù, tí àwọn kan fi ń sọ pé a ti fi aláwọ̀ dúdú gégùn-ún láti ṣe ẹrú, kò yẹ kó gbà wá lákòókò. Ẹni tó bá ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí kẹsàn-án yóò rí i pé Kénáánì ni Nóà fi gégùn-ún, kì í ṣe Hámù, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan nípa àwọ̀ ara níbẹ̀. Mo ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn Kristẹni aláwọ̀ dúdú, ó sì ń dùn mí.

Ìwé tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ju ẹsẹ márùndínlọ́gbọ̀n lọ. Pọ́ọ̀lù wà lẹ́wọ̀n. Ónẹ́símù, ẹrú Fílémónì, wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì ti di onígbàgbọ́. Orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ẹni tó wúlò, irú orúkọ tí olówó máa ń fún ẹrú nítorí ohun tó fẹ́ gbà lára rẹ̀. Pọ́ọ̀lù fi orúkọ náà dá àrà: ó ní nígbà kan kò wúlò fún ọ, nísinsìnyí ó wúlò fún ìwọ àti èmi. Lẹ́yìn náà ló pè é ní ọmọ tí òun bí nínú ẹ̀wọ̀n. Ẹ jẹ́ kí a dúró níbẹ̀. Ọmọ Pọ́ọ̀lù ni, Pọ́ọ̀lù sì ni baba Fílémónì náà nínú ìgbàgbọ́. Ta ló ń fi ọmọ bàbá rẹ̀ ṣe ẹrú? Ó ní kó gbà á bí ìgbà tó bá ń gba Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, pé bí gbèsè kankan bá wà lọ́rùn rẹ̀, kó kọ ọ́ sí ọrùn òun. Kì í ṣe Fílémónì nìkan ló kọ ọ́ sí. Ó kọ ọ́ sí ìjọ tó wà nínú ilé rẹ̀ pẹ̀lú. Níwájú gbogbo wọn ni wọn yóò ti kà á, ojú gbogbo wọn ni yóò sì máa wo ohun tí Fílémónì máa ṣe.

Kò kọ ọ́ pé kí ó tú u sílẹ̀. Àwọn kan ní ó fi ọgbọ́n sọ ọ́. Ó ní ó dá òun lójú pé Fílémónì yóò ṣe ju ohun tí òun wí lọ. Mo gbà pé ohun tó ń tọ́ka sí nìyẹn. Síbẹ̀ ó wù mí kó ti kọ ọ́ ketekete, nítorí mo mọ ohun tí àwọn olówó ẹrú fi àlàfo yẹn ṣe fún ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé Kólósè sọ fún wa pé Tíkíkù, ẹni tí Pọ́ọ̀lù rán, àti Ónẹ́símù jọ ń bọ̀ lọ́nà kan náà. Inú ìwé Kólósè yẹn gan-an ni a tún ti ní kí àwọn ẹrú máa gbọ́ ti ọ̀gá wọn. Tí mo bá ń ka ẹsẹ yẹn báyìí, mo máa ń wo Ónẹ́símù lọ́kàn mi, tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń kà á, tí gbogbo ilé ń wò ó.

Àwọn tó ní ẹrú mọ agbára inú ìwé yìí dáadáa. Ní 1807, wọ́n tẹ Bíbélì kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn ẹrú ní erékùṣù Karibíà tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn bí Ísírẹ́lì ṣe jáde kúrò ní oko ẹrú kò sí níbẹ̀. Ibi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ pé kò sí ẹrú, kò sí òmìnira nínú Kristi kò sí níbẹ̀. Ẹsẹ Éfésù wà níbẹ̀, èyí tí mo kà ní Ọjọ́rú ọjọ́ náà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa ìwé yẹn, ara mi bù máṣọ. Wọ́n fi ọ̀bẹ gé e kúrò. Èmi fi aago gé e kúrò.

Nílẹ̀ tiwa náà, ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò mọ́ kedere bí a ṣe máa ń sọ ọ́ níbi àjọ̀dún ìjọ. Ní 1845, ní Augusta ní ìpínlẹ̀ Georgia, àwọn Onítẹ̀bọmi gúúsù Amẹ́ríkà ya kúrò lára àwọn ti àríwá nítorí àríyànjiyàn lórí bóyá ẹni tó ní ẹrú lè ṣe míṣọ́nnárì. Àwọn ti gúúsù ní ó lè ṣe é. Ní 1850, Thomas Jefferson Bowen, ẹni tí wọ́n rán, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ìjọ àti ilé-ìwé tí a rí gbà lọ́wọ́ wọn pọ̀, a ò sì gbọdọ̀ ṣe aláìmoore. Ní 1995 ni ẹgbẹ́ náà tọrọ àforíjì ní gbangba lórí ọ̀rọ̀ ẹrú. Àwa náà ní ẹ̀bi tiwa. Ní àwọn ọdún 1870, nígbà tí àlùfáà James Johnson dé Abẹ́òkúta, tó fàáké kọ́rí pé kí àwọn onígbàgbọ́ tó ní ẹrú tú wọn sílẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ ló dìde sí i, àwọn aláṣẹ míṣọ́n rẹ̀ sì gbé e kúrò níbẹ̀ ní 1880. Àwọn tó bá a jà ń ka Bíbélì Yorùbá. Lára wọn, àwọn kan ti ṣe ẹrú rí.

Ìlú Abẹ́òkúta yẹn kan náà ni Crowther ti rí ìyá rẹ̀ ní 1846, lẹ́yìn bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí ogun ti pín wọn níyà. Mo sábà máa ń ronú nípa rẹ̀ nígbà tí mo bá dé ibi ọ̀rọ̀ ìràpadà. Fún àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lédè wa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ orin. Owó ẹyọ ni, iye rẹ̀ ni, ẹni tó rìn láti ìlú dé ìlú láti wá ra ọmọ rẹ̀ padà ni.

Mo ti yí bí mo ṣe ń kọ́ orí yẹn padà. Ẹsẹ kẹsàn-án ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀ bá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀: ilé-ìwé wo ló ń lọ, ibo ló ń sùn, ìgbà wo ló rí ìyá rẹ̀ gbẹ̀yìn? Àwọn kan ti tìtorí rẹ̀ fi ìjọ sílẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń kó wọlé láti ilẹ̀ Benin àti Togo, tí ẹni tó kó wọn wá ń gba owó oṣù wọn, mo máa ń ka ìwé Tímótì kìíní sí ọ̀rọ̀ wọn, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ka àwọn tó ń jí ènìyàn tà mọ́ àwọn apànìyàn. N kì í fi ohùn jẹ́jẹ́ kà á.

Mo padà rí ọmọbìnrin yẹn lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé ọjọ́ náà ni, ó ń nu àga kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Mo bi í ní orúkọ rẹ̀. Ó sọ orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé ọ̀gá rẹ̀, orúkọ Òyìnbó kúkurú kan. Mo ní ṣé èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn? Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó wá sọ òmíràn fún mi. Orúkọ tó gùn ni, tó ní oríkì nínú. Mo pè é tán, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní mo gbé ohùn ìkẹta sí ibi tí kò yẹ. Mo tún un pè títí ó fi ní ó dára.